Ohun Tí Mo Ṣì Ṣe Kí N Tó Mọ Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ ní Ìtàn Blackfoot

Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gúúsù Alberta ní Kánádà, bó pẹ́ bó yá, wọn yóò ní kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Blackfoot, àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kò sí pé mi ò ṣe níbẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni ìlànà iṣẹ́ olùkọ́ ní Alberta ti sọ ọ́ di dandan pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìmọ̀ ìpìlẹ̀ nípa àwọn onílẹ̀, kó sì máa lò ó nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ ọdún 10 sí 12 ni mo ń kọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ekukáká ni mo fi ṣe nǹkan kan tó tọ̀nà, àwọn tó yẹ kí inú bí sí mi jù lọ ló sì ní sùúrù fún mi jù. Ibi tí mo ti ṣì í àti bí mo ṣe ń tún un ṣe ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

Orúkọ ni mo ti kọ́kọ́ gbé e gbòdì. Mo kọ "Blackfoot" gàdàgbà sára pátákó, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni. Ìlú mẹ́rin tó para pọ̀ ni: Siksika, Kainai, Piikani, àti Amskapi Piikani tó wà ní Montana ní Amẹ́ríkà. Siksika nìkan ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ dúdú. Òun ni òyìnbó mú, tí wọ́n wá fi ń pe gbogbo wọn. Nínú ìwé ìjọba àtijọ́, Blood ni ẹ ó bá fún Kainai, Peigan fún Piikani. Àwọn ti Montana ni wọ́n ń pè ní Blackfeet. Ẹ má ṣe pe ará Siksika bẹ́ẹ̀. Niitsitapi, ènìyàn gidi, ni wọ́n ń pe ara wọn, tí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á ní Siksikaitsitapi. Ó yẹ kí èyí tètè yé mi ju ẹnikẹ́ni lọ, èmi tí mo mọ bí ojú Ìjẹ̀bú ṣe máa ń rí tí ẹnì kan bá pè é ní Ẹ̀gbá.

Èyí tó tún burú ju orúkọ lọ ni pé mo ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń ka ìtàn òkú. Wọ́n gbé báyìí, wọ́n jẹ báyìí, wọ́n wọ báyìí. Ọmọ Kainai kan wà nínú kíláàsì náà tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọmọ Kainai ni. Òun ló na ọwọ́ sókè, tó bi mí pé irú mọ́tò wo ni mo rò pé bàbá òun ń wà. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́, kí n tó padà sẹ́yìn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni máàpù. Ìlà 49 tó pín Kánádà àti Amẹ́ríkà níyà gba àárín ilé wọn kọjá, bí ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ṣe fi Kétu sí Benin, tó fi àwọn ọmọ ìyá wọn sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá fi máàpù Kánádà kọ́ wọn ti sọ ìdajì ìtàn nù kó tó la ẹnu. Bébà ńlá tí kò ní ìlà kankan ni mo ń lò báyìí. Odò la kọ́kọ́ ń yà. North Saskatchewan ní òkè, níbi tí Edmonton wà lónìí. Yellowstone ní ìsàlẹ̀, ní Montana. Àwọn Òkè Rocky ní ìwọ̀ oòrùn. Ní ìlà oòrùn, àwọn òkìtì iyanrìn Great Sand Hills ní Saskatchewan, ibi tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí àwọn òkú wọn ń lọ. Láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ilé wọn wà. Lẹ́yìn náà la ó wá fi orúkọ sí i: Mohkinsstsis, ìgbọ̀nwọ́, níbi tí odò méjì ti pàdé, tí Calgary jókòó lé, Sikóóhkotok, òkúta dúdú, ìyẹn Lethbridge, nítorí èédú inú ilẹ̀ rẹ̀, Ninaistako, òkè tó dá dúró lẹ́bàá ààlà, Áísínai'pi, ibi tí wọ́n fín àwòrán sára òkúta lẹ́bàá odò Milk, tí UNESCO kọ mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2019. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ààlà, pẹ́ńsù pupa la sì fi ń fà á. Kíláàsì máa ń dákẹ́ díẹ̀ tí wọ́n bá rí ibi tó gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, ẹ má sọ nǹkan kan.

Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 80. Mo ti gbìyànjú láti fi àkókò pamọ́ nípa títẹ máàpù tí orúkọ ti wà lára rẹ̀; wọ́n dà á kọ, wọn ò wo odò kankan.

Ní ti pípe orúkọ, ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan, ó sì ní àbùkù kan. Fáwẹ̀lì mẹ́ta péré ni wọ́n ń kọ, a, i, o. Kọ́ńsónáǹtì 10, tí àmì ' tó ń gé ohùn dúró sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́tà méjì lera wọn, ẹ fà á gùn. Àmì orí fáwẹ̀lì, ohùn lọ sókè níbẹ̀. Etí wa ti mọ èyí láti ilé. Ibi tí a ti ń kùnà ni ìparí ọ̀rọ̀: àwa a máa pe fáwẹ̀lì ìparí ketekete, àwọn a máa pe é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí. Bẹ́ẹ̀ ni h tó bá ṣáájú k máa ń ha ọ̀fun. Ẹ má fi ojú lásán kọ́ ọ nínú ìwé. Ẹ wá ohùn ẹni tó ń sọ ọ́, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó sọ ọ́ níwájú ọmọ. Oki ni ìkíni; ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi ń kọ́ wọn ní ìtàn láìṣí ìwé rárá. Ponoká ni àgbọ̀nrín ńlá. Imitáá ni ajá. Ponokáómitaa ni ẹṣin. Mo máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pátákó, màá bi wọ́n pé èwo ló dé kẹ́yìn nínú ajá àti ẹṣin, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀. Wọn a dé ibẹ̀ fúnra wọn: ajá ló ń fa ẹrù tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹṣin wá dé láti gúúsù ní nǹkan bí ọdún 1730, wọ́n pè é ní ajá tó tóbi bí àgbọ̀nrín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń tì mí lójú jù. Àgọ́ bébà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yí bébà bí òkòtó, kó wá àwòrán àgọ́ Blackfoot lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó yà á sára tirẹ̀, kó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ó rẹwà. Mo so wọ́n mọ́ ara ògiri ọ̀nà àbákọjá. Olùtọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ wá rí i, ó pè mí sẹ́yìn, ó rọra ṣàlàyé. Àwòrán ara àgọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ojú àlá ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ó ní ẹni tó ni ín, ètùtù àti ayẹyẹ ni wọ́n sì fi ń gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹni tí wọn ò gbé e fún kò gbọdọ̀ yà á. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ro ó pé tí òyìnbó kan bá ní kí ọmọ 28 gé ẹ̀kú egúngún ilé onílé láti ara aṣọ àlòkù, torí pé àwọ̀ rẹ̀ dára, kí ni màá sọ? Ọjọ́ náà ni mo já gbogbo rẹ̀ kúrò. Adé ìyẹ́ náà wà lára ohun tí a kì í fi bébà ṣe. Òkúta iniskim tó jẹ mọ́ pípe ẹfọ̀n náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣì lè kọ́ wọn nípa àgọ́. Bí ó ṣe ń dúró ni kí ẹ kọ́ wọn, ẹ fi àwòrán sílẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin ni Blackfoot fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní pápá náà ń lo mẹ́ta. Fún ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, mo ń pín ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méje tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà: mẹ́rin fún ìpìlẹ̀ kan, mẹ́ta fún èkejì. Kí wọ́n di okùn ní 50 sẹ̀ǹtímítà láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta, kí wọ́n fi aṣọ funfun lásán bò ó, kí wọ́n sì gbé fáànù sí iwájú rẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ ló sábà máa ń bà á jẹ́; ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i po ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ta á. Ìlà oòrùn ni ẹnu ọ̀nà ń kọjú sí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì sábà máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá: ẹ jẹ́ kí wọ́n yí fáànù kiri títí wọn á fi rí ohun tí ìyẹn ń ṣe.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ àgbà. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí màmá àgbà kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ní kí wọ́n wá "bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 40". Èmi tí mi ò jẹ́ fi ímeèlì pe bàbá mi wá síbi ìkómọ! Wọ́n wá ṣá. Agogo lù nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ dìde gìrìgìrì, ìwé owó wọn sì há sí ọ́fíìsì fún oṣù méjì.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni mo ń lọ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn onílẹ̀ lábẹ́ àjọ iléèwé wa, kí wọ́n fi mí mọ ẹni tó tọ́ fún ohun tí mo fẹ́ kọ́, torí kì í ṣe gbogbo àgbà ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ gbogbo nǹkan. Mo ń lọ fúnra mi. Tábà ni mo ń mú dání, lẹ́yìn tí mo bá ti béèrè bóyá wọ́n ń gbà á, torí àwọn mìíràn ń fẹ́ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí n tó sọ ẹ̀bẹ̀ mi ni mo ń gbé e sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n ti gbà láti ṣe é nìyẹn. Owó jẹ́ ọ̀tọ̀, tábà jẹ́ ọ̀tọ̀. Inú àpòòwé ni owó ń wà, lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú owó epo. Àga tó ní ìfẹ̀yìntì, tíì gbígbóná, oúnjẹ. Gbogbo ìdajì ọjọ́ ni mo ń yọ sílẹ̀, mo sì ń ní kí wọ́n pa agogo kíláàsì wa. Tí wọ́n bá fẹ́ sun ewé olóòórùn dídùn láti wẹ ibẹ̀ mọ́, alábòójútó ilé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, agogo iná á ké, gbogbo iléèwé á sá jáde sínú yìnyín. Kò sí fóònù, kò sí gbígba ohùn sílẹ̀, àfi tí wọ́n bá ní kí a gbà á.

Màmá yìí kan náà ló tún ọ̀rọ̀ ìbà mi ṣe. Ní iléèwé níbí, wọ́n máa ń ka ìkéde kan láràárọ̀ pé orí ilẹ̀ Blackfoot àti ti àwọn yòókù nínú Àdéhùn Keje, èyí tí àwọn onílẹ̀ ibí bá ìjọba ṣe lórí ilẹ̀ wọn, ni a wà. Èmi a máa kà á wàràwàrà bí ẹni ń ka tábílì ìsọdipúpọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Èwo nínú àwọn tí o dárúkọ yẹn lo mọ ilé rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé a mọ ìbà nílé, kò sí ẹni tí ń júbà ẹni tí kò mọ̀. Ní báyìí, ọmọ kan ló ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn kan kún un nípa ohun kan tó rí lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn: odò tó dì, ẹyẹ tó padà dé.

Oṣù kẹfà ni mo sọ ìtàn Naapi, Bàbá Arúgbó inú ìtàn Blackfoot, fún wọn lọ́dún àkọ́kọ́, lábẹ́ igi, nínú oòrùn. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń sọ ìtàn Naapi. Àwa náà kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè bóyá ìtàn ẹlòmíì ní àsìkò tirẹ̀. Àṣìṣe kejì nínú ọ̀kan náà ni pé mo sọ fún wọn pé Naapi ni Ìjàpá ibí. Ó jọ ọ́ lóòótọ́: ọ̀kánjúwà, ẹlẹ́tàn, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ máa ń yí padà lù ú. Òkúta ńlá kan wà nítòsí Okotoks, ní gúúsù Calgary, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 16,500, tó sì là sí méjì. Wọ́n ní Naapi bọ́ aṣọ rẹ̀ fi ta òkúta náà lọ́rẹ nígbà tí ooru mú, òjò wá ṣú, ló bá lọ gbà á padà, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀ lé e títí àwọn ẹyẹ fi wá là á. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní Ìjàpá ni. Ṣùgbọ́n Naapi yìí náà ló ṣe òkè, tó la odò, tó dá ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni odò Oldman ń jẹ́. Ìjàpá ò dá òkè kankan. Nígbà tí mo fi wọ́n wé ara wọn, ìdajì Naapi ni mo gé dànù, ìdajì tó so ó mọ́ ilẹ̀. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni mo ń fi sí báyìí, tí onítàn tó tọ́ bá wà ló ń sọ ọ́. Tí a bá sì dé ibi òkúta náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí yìnyín ayé àtijọ́ ṣe gbé e láti orí àwọn Òkè Rocky wá ni èmi ń sọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kò já mi kulẹ̀ rí, òun ni ti beaver. Ẹranko tó tó ajá ni, ó ń fi eyín gé igi, ó ń fi igi àti ẹrẹ̀ dí odò. Ìwé wa sọ pé òwò awọ beaver ló kọ́ Kánádà, àmọ́ Blackfoot kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á; ẹran gbígbẹ àti awọ ẹfọ̀n ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò. Kí ló dé? Dípò kí n sọ ọ́, páànù méjì tí a fi ń yan ẹran ni mo ń gbé jáde, ìkọ̀ọ̀kan tó 45 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn. Iyẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn kìlógíráàmù méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ rin ín, torí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ á fa omi mu tán, kò sí ohun tí ẹ ó rí. Ẹ fi ìka fa odò gba àárín, ẹ fi ìwé gbé ìparí kan sókè ní 4 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, omi á wó gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ fi igi ìṣáná àti amọ̀ dí odò níbi mẹ́ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí igi má léfòó. Ẹ da lítà omi kan sínú ìkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé wọn sí ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ti sán, èkejì ṣì tutù nídìí àwọn ìdènà náà. Ìgbà náà ni mo wá ń béèrè pé ní pápá gbígbẹ, níbo ni ẹfọ̀n ti máa mu omi tí wọ́n bá pa gbogbo beaver? Beaver wà lára àwọn ohun mímọ́ wọn tó lọ́jọ́ lórí pẹ̀lú. Mo ń dárúkọ ìyẹn, mo sì ń dúró síbẹ̀.

Àdéhùn Keje le láti kọ́. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1877 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Blackfoot Crossing, létí odò Bow: Siksika pẹ̀lú Crowfoot olórí wọn, Kainai pẹ̀lú Red Crow olórí tiwọn, Piikani, àti Tsuut'ina àti Stoney Nakoda tí kì í ṣe Blackfoot. Mo fún àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ inú ìwé náà láti kà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Wọ́n ta ilẹ̀ wọn nìyẹn." Ìwé tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kọ ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́, kí ni mo retí? Àwọn àgbà ń sọ ọ́ títí dòní pé àdéhùn àlàáfíà ni, pé kí a jọ lo ilẹ̀ ni. Àtẹ̀yìnwá náà kò sí nínú ìwé: ṣọ̀pọ̀ná ti jà ní 1869 sí 1870, ẹfọ̀n ń tán lọ, kó sì tó di 1880 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀kan mọ́ ní pápá Kánádà.

Bébà onígun sẹ̀ǹtímítà kan kan ló gbà mí, èyí tó fẹ̀ ní ìwọ̀n A3; onígun kọ̀ọ̀kan dúró fún sikúwéà máìlì kan. Àdéhùn náà ní sikúwéà máìlì kan fún ènìyàn márùn-ún. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n fún Kainai jẹ́ sikúwéà máìlì 547.5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò iye ènìyàn tó wà fún: 2,737 àti ààbọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ààbọ̀ ènìyàn. Ẹ wá sọ fún wọn pé 710 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn ènìyàn 3,550. Kí wọ́n ya 25 lọ́nà 28.4 sórí bébà, 710 nìyẹn, kí wọ́n wá gé 12.5 lọ́nà 13 kúrò nínú rẹ̀. Ihò 162.5 nìyẹn, ó ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ. Kainai pe ẹjọ́ náà ní 1980. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà ní ìjọba ṣẹ̀ sí àdéhùn náà, pé ìwà rẹ̀ kò ní ọlá, àmọ́ pé àkókò tí òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ ti kọjá. Ìkéde nìkan ni ilé ẹjọ́ lè ṣe. Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 sílẹ̀ fún àríyànjiyàn lẹ́yìn èyí, kò ní tó. Bébà tó ní ihò la gbé kọ́ sí ara ògiri tí àgọ́ bébà wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti àwọn iléèwé tí ìjọba Kánádà kó ọmọ àwọn onílẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ Nàìjíríà nìkan lè ṣì sọ. Mo pè é ní bọ́dìn. Lọ́dọ̀ wa, bọ́dìn ni òbí ń tọrọ owó san. Ẹni tó lọ síbẹ̀ ń fi yangàn. Àwọn wọ̀nyí, òfin ló fi tipá gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Iléèwé Old Sun wà ní Siksika, St. Paul's àti St. Mary's ní Kainai. Ilé Old Sun ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Siksika fúnra wọn báyìí. Nígbà tí mo sọ "bọ́dìn", tí mo sì fi kún un pé èmi náà lọ, ọmọ kan jáde síta. Ìyá ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Mi ò mọ̀, torí mi ò béèrè.

Mo ń kọ lẹ́tà sí gbogbo òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo sì ń pe àwọn ìdílé onílẹ̀ lórí fóònù lọ́tọ̀. Kò sí eré ṣíṣe. Kò sí "kọ lẹ́tà bí ẹni pé ìwọ ni wọ́n gbé lọ". Kì í bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí ọmọ á gbé e relé nìkan. Ohun tó sì pẹ́ kó tó yé mi: oṣù kẹsàn-án ni mo ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ 30 oṣù náà tí gbogbo Kánádà fi ń rántí wọn. Ìyẹn ni pé ìjìyà ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ mọ̀ nípa Blackfoot, gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń dún bí àbárèbábọ̀. Ní báyìí, a ń wọ aṣọ olómi ọsàn lọ́jọ́ náà, a ń sọ ọ́ ní ṣókí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an sì ń dúró di oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ti mọ odò, orúkọ, ẹṣin, beaver, tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà.

Oṣù karùn-ún la ń lọ sí Head-Smashed-In (ibi tí wọ́n ti fọ́ orí), etí òkè tí wọ́n ti ń lé ẹfọ̀n já bọ́, 18 kìlómítà sí Fort Macleod, nǹkan bí wákàtí méjì sí Calgary. UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1981, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà láti fi pa ẹfọ̀n. Gbogbo ọmọ ló ń rò pé orí ẹfọ̀n ni orúkọ náà ń sọ. Rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró sábẹ́ òkè láti wo bí wọ́n ṣe ń já bọ́, wọ́n pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fọ́ agbárí rẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹ gba afinimọ̀nà tó jẹ́ Blackfoot, kí ẹ sì ti orí òkè bẹ̀rẹ̀, torí láti òkè nìkan ni iṣẹ́ náà fi ń yé ènìyàn: pápá ìjẹko lẹ́yìn, òkìtì òkúta kéékèèké tí wọ́n tò fún ọ̀pọ̀ kìlómítà bí ẹnu àrọ, ẹni kan níwájú nínú awọ ọmọ ẹfọ̀n tó ń ké bí èyí tó sọnù, àwọn mìíràn lẹ́yìn nínú awọ ìkookò. Ẹfọ̀n kò ríran tó bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ ló gbọ́n. Nítorí náà, tí afẹ́fẹ́ kò bá dára, kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n má mú òkúta kankan, kékeré tàbí ńlá. Ọmọ á rò pé òkúta lásán ni, kò sì mọ̀ pé ara òkìtì tí wọ́n fi ń darí ẹfọ̀n ni. Mo ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo ń tún un sọ lórí òkè. Kí wọ́n wọ aṣọ òtútù, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní Calgary. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Lọ́dún tó kọjá, ó já máàpù gbà lọ́wọ́ ọmọ kan, máàpù tó ti ń yà láti oṣù kẹsàn-án, ó sì gbé e kọjá etí òkè. Ọmọ náà ò sunkún. Nínú bọ́ọ̀sì, ó tún un yà sẹ́yìn ìwé tí wọ́n pín fún wa: odò, òkè, òkìtì iyanrìn, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀, Sikóóhkotok pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Mo wá ìlà pupa títí, mi ò rí i. Láti ọjọ́ náà, pátákó kékeré ni mo ń fi okùn so máàpù kọ̀ọ̀kan mọ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àgbékọ́ méjì lókè, méjì nísàlẹ̀.